Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi nítorí ìgbànú Pallas

Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti kọ lẹ́tà gígùn sí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, nítorí pé inú ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kà á. Ara wa le níbí. Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni, tìyá-tọmọ wà ní àlàáfíà. A sì ti tún òrùlé tó ń jò ṣe kí òjò tó dé. Ìyẹn ni ìròyìn ilé.

Mo ti parí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo kọ ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ìtumọ̀ ìwé kejìlá Aeneid, ewì gígùn tí Virgil ará Róòmù kọ nípa Aeneas, akọni ìlú Troy, èyí tí èmi àti ìwọ dáwọ́ lé ní yunifásítì, tí a máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn kíláàsì Látìn, tí ẹnì kẹta wa, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Látìn kan ṣoṣo, yóò sì máa jẹ ẹ̀pà dúró dè wá. Ìlà 952 ni ó wà nínú ìwé náà. Mo ti rò pé bí mo bá parí rẹ̀, inú mi yóò dùn débi pé n óò jí ará ilé. Ṣùgbọ́n ńṣe ni mo jókòó síbẹ̀ títí àkùkọ fi kọ, nítorí ohun tí Aeneas ṣe. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kà á kọjá ni. Ẹni tó bá ní láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un níkọ̀ọ̀kan kò lè kà á kọjá.

Jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí mo ti rí i. Turnus, ọ̀tá tó ń bá Aeneas du Lavinia ọmọ ọba, ti sáré títí ó ti rẹ̀ ẹ́. Arábìnrin rẹ̀, iwin omi tó ń ràn án lọ́wọ́, ti fi ẹkún kúrò lójú ogun. Turnus gbé òkúta kan tí Virgil ní agbára káká ni ọkùnrin 12 tí a ṣà lẹ́ṣà fi lè gbé e lé èjìká. Ó jù ú, òkúta náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jù ú sí. Virgil fi í wé ẹni tó ń lá àlá, tó fẹ́ sáré tí ẹsẹ̀ kò gbé e, tó fẹ́ ké tí ohùn kò jáde. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kọ̀ Aeneas la etí apata rẹ̀ tó ní ìpele 7 kọjá, ó wọ̀ ọ́ ní itan, ó sì mú un kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ kérora, òkè dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n Turnus kò kú. Dì í mú kí o tó ka ìyókù: kò kú, ogun sì ti parí.

Ó na ọwọ́ sókè. Bí a bá fi ojú tiwa wò ó, ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ní ohun tó tọ́ sí òun ni òun rí. Ó ní bí ìrònú baba arúgbó bá lè wọ Aeneas lára, kí ó rántí pé òun náà ní baba, Anchises, kí ó sì ṣàánú Daunus, baba òun, tó ń dúró de ọmọ nílé. Kí ó dá òun padà fún àwọn èèyàn òun, láàyè tàbí lókùú. Ó ní gbogbo ayé ti rí i tí òun na ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ́gun, Lavinia ti di ìyàwó Aeneas, kí ìkórìíra má ṣe lọ jù báyìí lọ. Gbogbo ohun tí ẹni tó ṣẹ́gun lè fẹ́ ni ó ti kó lé e lọ́wọ́.

Aeneas sì dúró. Ibẹ̀ ni mo ti dá kálàmù dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ó ń yí ojú káàkiri, ó dá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń tù ú lójú, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń ṣiyèméjì. Ẹni tó ń bínú láìdúró lè sọ pé ojú òun ṣú. Ẹni tó ti dáwọ́ dúró, tí àánú ti ń wọ̀ ọ́ lára, kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yí i padà kò ju ìgbànú kan lọ. Ó rí i lórí èjìká Turnus, ìgbànú tí Turnus bọ́ lára Pallas, ọmọdékùnrin tí baba rẹ̀ fi lé Aeneas lọ́wọ́ lọ sógun, lọ́jọ́ tó pa á, ó sì mọ bí ìṣó ara rẹ̀ ti ń dán. O rántí àwòrán tó wà lára ìgbànú náà: àwọn ìyàwó tuntun tó pa ọkọ wọn lóru ìgbéyàwó. Ìbínú gbiná lára rẹ̀, ó ní ṣé kí ẹni tó wọ ohun tí a bọ́ lára ẹni òun bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni? Ó ní: “Pallas ni ó fi ọgbẹ́ yìí pa ọ́ rúbọ, Pallas ni ó ń gba ẹ̀san lára ẹ̀jẹ̀ ọ̀daràn.” Ó sì ri idà bọ̀ ọ́ láyà.

Ìwọ ni o fi dandan lé e pé “ọmọlúàbí” ni kí a fi túmọ̀ pius, ọ̀rọ̀ tí Virgil fi ń ki Aeneas láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Mo gbà fún ọ nígbà náà, mo sì tún gbà fún ọ báyìí, nítorí pé ẹni tó gbé baba rẹ̀ lé èjìká la iná Troy kọjá, tó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́, orúkọ wo ni a tún fẹ́ pè é? Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Baba yẹn kan náà, nígbà tí Aeneas lọ bá a ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ àwọn òkú nínú ìwé kẹfà, ni ó sọ fún un pé iṣẹ́ àwọn ará Róòmù ni láti dá ẹni tó bá ti tẹrí ba sí, kí wọ́n sì fi ogun rẹ agbéraga sílẹ̀. Turnus dárúkọ Anchises gan-an nínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Aeneas gbọ́ orúkọ baba rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó sì ṣe òdìkejì ohun tí baba rẹ̀ fi rán an.

Nínú ìwé kìn-ín-ní, Jupiter, ọba àwọn òrìṣà Róòmù, ṣèlérí pé a ó fi ìdè idẹ 100 dè Ìbínú lọ́wọ́ sẹ́yìn, yóò sì máa bú ramúramù nínú àhámọ́. Ìwé 12 ni mo kà tẹ̀lé ìlérí yẹn. Ìbínú ni ó gbẹ̀yìn ìtàn, kò sí ìdè kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi hàn ọ́, nítorí pé ìwọ nìkan ni yóò bá mi yọ̀ sí i. Condere ni ọ̀rọ̀ tí Virgil lò fún idà tó wọ àyà Turnus. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni ó lò ní ìbẹ̀rẹ̀ fún títẹ ìlú Róòmù dó. Mo wá ọ̀rọ̀ kan tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì títí ó fi sú mi, àfi ìgbà tí ìyá tó ń ta fùfú ládùúgbò wa ń sọ ìtàn àwọn tó tẹ àdúgbò náà dó, tí ó sì ń tẹ ọ̀pá bọ ilẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Tẹ̀! A tẹ ìlú dó, a tẹ idà bọ àyà. Mo pa “ri” rẹ́, mo kọ “tẹ̀” sí i. Ìlú ńlá yẹn, àyà ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Lẹ́yìn náà ni otútù tú oríkèé Turnus, gbólóhùn kan náà tí Virgil fi bá wa sọ̀rọ̀ Aeneas nígbà tí a kọ́kọ́ rí i, tí ìjì òkun dẹ́rù bà á. Ẹ̀mí Turnus sì bá ìkérora sá lọ sábẹ́ òjìji, kò gbà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà parí sí. Kò sí ìsìnkú, kò sí ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo mọ ohun tí o máa sọ, nítorí pé o ti sọ ọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn. O máa ní Evander, baba Pallas, ti ránṣẹ́ sí Aeneas pé ikú Turnus ni gbèsè tó jẹ òun àti ọmọ òun, àti pé ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun kò gbọdọ̀ padà wá sọ fún baba rẹ̀ pé òun dárí ji ẹni tó pa á. Ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Servius, olùkọ́ àtijọ́ tó ṣe àlàyé sí iṣẹ́ Virgil, wà lẹ́yìn rẹ: ó ní ògo Aeneas ni méjèèjì, èrò àtidá a sí àti pípa tó pa á. Ṣùgbọ́n Lactantius, Kristẹni ayé àtijọ́, béèrè bí a ṣe lè pe ẹni tó ń pa àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ ní pius. Ní ọdún 1428, Maffeo Vegio ará Ítálì kọ ìwé kẹtàlá kún un, ó jẹ́ kí wọ́n gbé òkú Turnus padà fún baba rẹ̀, ó sì ṣe ìgbéyàwó Lavinia. Mo gbà pé ara rẹ̀ kò gba ibi tí Virgil fi wá sí. Virgil fúnra rẹ̀ kú ní Brundisium ní ọdún 19 ṣáájú ìbí Krístì, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà tán bó ti fẹ́, ó sì ti ní kí wọ́n sun ún. Augustus, olórí ìjọba Róòmù, ni kò gbà.

Èmi ò sọ pé ọjọ́ kan ni Aeneas bàjẹ́. Nínú ìwé kẹwàá, lọ́jọ́ tí Pallas kú gan-an, Magus, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ọ̀tá, di orúnkún rẹ̀ mú, ó fi orúkọ baba àti ọmọ bẹ̀ ẹ́. Aeneas fi ọwọ́ òsì di àṣíborí rẹ̀ mú, ó tẹ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ki idà bọ̀ ọ́ dé èèkù. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin 8 láàyè láti fi wọ́n rúbọ níbi òkú Pallas. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, nígbà tó pa Lausus tó ń gba baba rẹ̀ sílẹ̀, ó kérora, ó na ọwọ́ sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ náà nílẹ̀. Ó mọ àánú. Nítorí náà ni mi ò ṣe lè fi í sílẹ̀.

Ohun tó wá hàn sí mi nígbà tí mo ń túmọ̀ ìlà yẹn, tí mi ò rí nígbà èwe, ni pé Aeneas kò ní “èmi ni mo pa ọ́.” Pallas ni ó ní ó pa á. Ó mú ọwọ́ òkú, ó fi idà sí i. Nígbà tí Pallas ń kú nínú ìwé kẹwàá, Virgil kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu. Ó ṣubú lé ọgbẹ́ rẹ̀, ó fi ẹnu kan ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan ni a wá fi ṣe apànìyàn.

Ọ̀rẹ́ mi, n óò sọ èyí tó kù fún ọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mi ò tíì sùn, ọkùnrin tí èmi àti ìwọ kì í dárúkọ wá sílé mi. O mọ̀ pé wọ́n dá mi láre ní oṣù tó kọjá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó tà nígbà tí ẹnì kẹta wa wà lórí ibùsùn àìsàn. Ó ti san ìpín àwọn ọmọ olóògbé. Èyí tó kù ni ìpín tèmi àti owó ẹjọ́, bí kò bá sì san án kí oṣù yìí tó parí, mo lè ní kí wọ́n ta ilé rẹ̀. Ó ti gbó gan-an. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú ilé, ó ní kí n fún òun ní ọdún kan, nítorí ìyá òun arúgbó tó ń gbé inú ilé náà.

Mo ti na ọwọ́ láti gbé e dìde. Bí ó ti ń wá ìwé tó fẹ́ fi hàn mí nínú ọ̀rá dúdú tó mú lọ́wọ́, ìwé rìsíìtì àtijọ́ kan jábọ́, etí rẹ̀ ti ká, mo sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé tí a mọ̀, 7 rẹ̀ tó máa ń fi ìlà dábùú láàárín. Mo fa ọwọ́ mi padà. Mo ní: “Kì í ṣe èmi ni mo kọ̀ fún ọ. Òkú ni ó kọ̀ fún ọ.” Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí mo sọ, tí kò tíì pé wákàtí 12 tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún Aeneas.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní ohun kan. Ìwọ ni o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olóògbé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, nígbà tí èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òkè ọya tí mi ò sì tètè dé. A kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, èmi ni mi ò fẹ́ béèrè. Kí ni ó sọ nípa ọkùnrin yẹn? Bí ó bá ní kí n má ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀, kọ ọ́ fún mi bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Bí ó bá ní kí a fi í sílẹ̀, má ṣe dín in kù nítorí tèmi. Bí kò bá sì dárúkọ rẹ̀ rárá, kọ ìyẹn náà sí mi. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí èsì rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí oṣù tó parí.

Ọkùnrin náà kò rántí mú ìwé rìsíìtì náà lọ. Mo ti fi í sínú ìwé atúmọ̀ èdè Látìn tí o fi sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.