Kí n tó fi owó wọ́kṣọ́ọ̀pù yẹn ránṣẹ́

Àjíkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo ilé ń kí ẹ, bàbá ẹ ní kí n bá àwọn bi ẹ́ bóyá oúnjẹ gidi lò ń jẹ ní Òṣogbo àbí Indomie náà ni. Mo rí àwọn fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lánàá, eléyìí tó o fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹja sí ni mo wò jù, ọwọ́ ẹ ti ń rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó wọ́kṣọ́ọ̀pù bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe pépà ìwé tó o ní o fẹ́ lọ ṣe l'Ékòó ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí, torí bátíìkì tó o ṣe ò tíì pé oṣù mẹ́ta, àdìrẹ lo wà lórí ẹ̀ báyìí o ò tíì parí ẹ̀, ìwé tún ti dé.

Mi ò ní kó o má lọ o. Kó o tó máa rò ó pé màámi ti tún bẹ̀rẹ̀, jẹ́ n sọ nǹkan tí mi ò sọ fún ẹ rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ aró, ọdún méjì àbọ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo pọnmi, mo fọ ìkòkò, mo pọn ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti fẹ́ po aró báyìí, wọ́n á rán mi lọ sí Ọjà Ọba pé kí n lọ ra ọṣẹ, ọṣẹ sì kún ilé. Kí n tó dé, aró ti wà nílẹ̀. Mo gba fíríìdọ̀mù, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n ya fọ́tò, èmi tí wọ́n ń yà yìí ò mọ ṣíbí kọ́sítíìkì sódà mélòó ló ń wọ inú omi aró. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bú àwọn tó ń ṣe wọ́kṣọ́ọ̀pù, torí àwọn máa kọ gbogbo ẹ̀ sára bọ́ọ̀dù, wọn ò ní rán ẹ lọ sọ́jà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ ni pé wọ́n ti bá yín ṣe èyí tó nira sílẹ̀. Ẹ dé láàárọ̀, wọ́n ti se ẹ̀kọ láfún tẹ́ ẹ fi ń ya ọnà sáṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n ti sẹ́ ẹ, ìyẹ́ lásán ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ní kí wọ́n jẹ́ kó o se é fúnra ẹ. Tó bá ṣàn jù, ó máa sá lọ sábẹ́ ibi tó ò fẹ́, tó bá ki jù, ó máa sán tó bá gbẹ, aró á wá gba ibẹ̀ wọlé. Èmi máa ń kán an sórí èékánná mi ni, tó bá dúró síbẹ̀ tí kò yọ́ lọ, ó ti dáa. Tẹ́ ẹ bá sì ti yọ aṣọ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di búlúù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán ẹ lójú láti tún un rì kó tó mí tán.

Àpá ọrùn ọwọ́ mi tó o máa ń bi mí, tí mo ní epo gbígbóná ni, irọ́ ni mo pa. Kọ́sítíìkì ni. Torí mi ò rí bí wọ́n ṣe ń po ó rí, mo da omi lé e lórí, ó hó, ó ta. Kọ́sítíìkì la máa ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé e. Má fi abọ́ álúmíníọ̀mù ṣe é, ó máa jẹ ẹ́. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àní kó o wọ̀ ọ́, kì í ṣe kó o fi ya fọ́tò.

Wo Mama Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ yẹn. Ogidi-Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo láti 1983, àìmọye ló sì kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà wọn ni àwọn fúnra wọn ti kọ́kọ́ kọ́ híhun kí Amẹ́ríkà tó mọ̀ wọ́n. Ìwọ ńkọ́, òfì ẹ̀gbọ́n mi kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé wa, o ò jókòó níbẹ̀ rí àfi ìgbà tó o lọ ṣe fídíò. Aṣọ òkè ẹtù tí wọ́n ń hun yẹn, òwú tí wọ́n ti rẹ sínú aró èlú ni, nǹkan kan náà tó ò ń sanwó kọ́ lọ́hùn-ún. Jókòó, kó o máa wo òkúta tó fa òwú lọ́hùn-ún bó ṣe ń rìn bọ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn, tí òwú bá já kó o so ó. Ìwọ̀nba aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ bí íńṣì mẹ́rin yẹn, wàá mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ owó tí wọ́n ń sọ.

Ìwé náà, o lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nílé. Nóòtù JSS ẹ ṣì wà nínú sítọ̀. Ya á, rẹ ẹ́ mọ́jú, gún un (kì í ṣe nínú odó iyán mi o), dà á sínú báàfù omi, kan nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé mọ́ igi mẹ́rin, fi bu ú, kó o jẹ́ kó ro, kó o dojú ẹ̀ dé sórí aṣọ. Fi sítáàṣì díẹ̀ sí i, tí ò bá sí, yíǹkì máa tàn ká lára ẹ̀. Láfún náà tún nìyẹn. Bàbá mi àgbà tó jẹ́ àlùfáà, tákàdá ni wọ́n ń pe ìwé, tàdáwà ni wọ́n fi ń kọ Kùránì sí i, wọn kì í rán an pọ̀, inú àpò awọ ni wọ́n ń kó o sí. Mo ṣì ní èyí tó kù nínú àpótí, màá fi hàn ẹ́.

Nítorí náà ìdajì owó ni màá fi ránṣẹ́ báyìí, fi ra aṣọ òwú funfun yáàdì mẹ́wàá kó o bà á jẹ́ títí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ mi, màá fi ránṣẹ́ tó o bá ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Èkó ò lọ ibì kankan.

Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí ẹ ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ní kó o gé èékánná gígùn tí àwọn rí nínú fọ́tò yẹn kó o tó dé, ó máa fa òwú àwọn já.

Màámi ẹ ni.