Kí Ẹni Tó Ń Padà Sídìí Kóróṣé Fi Ẹranko Kékeré Bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn lédè wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ kò jẹ mọ́ òṣèlú, kò sì jẹ mọ́ owó oṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló kún ojú ewé yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ọ̀rọ̀ kóróṣé ni, ìyẹn iṣẹ́ fífi pínì ẹlẹ́nu kíkọ́ hun òwú tàbí wúùlù, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí nílé ìwé tàbí lọ́wọ́ ìyá wọn, tí wọ́n pa á tì nígbà tí iṣẹ́ ìjọba, ọmọ títọ́ àti ọjà títà gbà wọ́n lọ́wọ́, tí ọkàn wọn sì tún ń fà sí i nísinsìnyí. Èrò mi ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe fi aṣọ ibùsùn tàbí ṣọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọláńgidi ẹranko kékeré, èyí tí a ń hun tí a sì ń ki nǹkan rírọ̀ sí nínú, ni kí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé.

Ẹni tó bá ti wọ yàrá àlejò àwọn òbí wa rí mọ aṣọ kóróṣé tí wọ́n máa ń tẹ́ sí ẹ̀yìn àga àti sórí tẹlifíṣọ̀n. Òun ni ẹni tó ń padà bọ̀ máa ń rántí, nítorí náà òun ló máa ń fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n òwú tín-ín-rín ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́. Bí ojú ìhun kan bá sì sọnù létí aṣọ, gbogbo ayé ni yóò rí i. Nínú àpò ọ̀rá lábẹ́ ibùsùn ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń parí sí. Ẹranko kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdì wúùlù kan àti pínì kan ti tó o, ojú ìhun kúkurú kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ ró, bí a bá sì ṣi ojú kan kà, ohun tí a kì sínú rẹ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ará Jàpáàn ló sọ irú iṣẹ́ yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, amigurumi sì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ wo fìlà híhun tí àwọn ọkùnrin ń dé lọ kírun Jímọ́ọ̀, tàbí fìlà tí àwọn ìyá wa ń hun sílẹ̀ de ọmọ tuntun. Láti àtàrí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa fẹ̀ ẹ́ yíká títí yóò fi tó orí, wọ́n á wá máa hun ún lọ tààrà. Orí ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: òrùka wúùlù kékeré kan tí a hun ojú 6 sí nínú. Ní ìyípo kejì, a ó hun ojú méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò di 12. Ìyípo kẹta yóò di 18, lẹ́yìn náà 24, lẹ́yìn náà 30, ojú mẹ́fà ni yóò máa fi lé sí i títí yóò fi tó ìwọ̀n tí a fẹ́. Fìlà á dá ẹnu sí ibì kan, ẹnu náà á sì là sílẹ̀; orí ẹranko ni yóò tún máa dín kù, tí a ó máa pa ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan, láti 30 sí 24, láti 24 sí 18, títí ihò rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, a ó sì ti ki inú rẹ̀ kí ó tó dí tán. Ẹni tó bá ti hun fìlà ọmọ tuntun rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n kan náà ni a ó fi hun ara, apá àti ẹsẹ̀, àfi pé èyí gùn, èyí kúrú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọnù ni pé ìyípo náà kì í ní ìparí tí ojú lè rí, nítorí a kì í so ìyípo kan pa kí a tó bọ́ sí òmíràn; ṣe ni ó ń lọ yíká bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí kò bá há ègé òwú aláwọ̀ mìíràn sí ojú àkọ́kọ́ ìyípo kọ̀ọ̀kan, bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn báyìí, kò ní mọ ibi tí ó kà á dé mọ́. Bí a bá sì ń fi ojú kún un ní ibì kan náà ní gbogbo ìyípo, orí ẹranko náà yóò yọ igun mẹ́fà dípò kí ó rí róbótó, nítorí náà kí a máa yí ibẹ̀ padà. Pínì tí a ó lò ní láti kéré díẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí ara wúùlù náà: bí wọ́n bá kọ mílímítà 4, kí a mú 3 tàbí 3.5, kí ojú ìhun lè fún, kí ohun tó wà nínú má baà máa yọjú síta. Kí olùbẹ̀rẹ̀ fi wúùlù dúdú àti èyí tó nírun lára sílẹ̀ ná. Ojú ìhun wọn kì í hàn, àgàgà bí wọ́n bá mú iná lọ tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì la fi ń ríran, ẹ̀yin náà sì mọ bí ìyẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó.

Ní ti ohun tí a ó ki sínú, àwọn àgbà yóò dárúkọ òwú àràbà tí a ń ki sínú ìrọ̀rí láyé àtijọ́. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kàn án, yóò dì sójú kan. Fóòmù gígé ń yọ kókó. Fáíbà inú ìrọ̀rí òde òní ló dára jù. A lè tú ìrọ̀rí tó ti gbó, kí a fọ fáíbà rẹ̀, kí a sá a gbẹ.

Ohun mìíràn wà tó lè da ẹni tó kọ́ kóróṣé ní ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rú. Ojú kúkurú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, single crochet ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é ní double crochet, bẹ́ẹ̀ double crochet ti Amẹ́ríkà jẹ́ ojú tó ga jù ú lọ. Bí a bá gbé ọ̀kan fún èkejì, ihò ni yóò kún ara ẹranko náà. Kí a mọ ilẹ̀ tí àlàyé ìhun ti wá kí a tó fa wúùlù.

Ní ìlú tí a wà yìí, kò yẹ kí n fo ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn kan gbà pé Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ ṣe àwòrán ohun ẹlẹ́mìí, ẹ̀rù èyí sì ń ba àwọn obìnrin kan láti dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí. Èmi kì í ṣe ààfáà, n kò sì ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ṣùgbọ́n hádíìsì (ìròyìn nípa ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) wà nípa Àíṣà ìyàwó rẹ̀, tí ó máa ń fi ọmọláńgidi ṣeré nínú ilé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ tilẹ̀ wà láàrin wọn, tí Ànábì sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ àlàyé rẹ̀ lórí ẹṣin náà. Lórí irú èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe gba ohun ìṣeré ọmọdé láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn kò fara mọ́ ọn. Kí oníkálukú bi ààfáà rẹ̀ léèrè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi ojú àti ẹnu sílẹ̀ láìṣe, ẹranko náà yóò ṣì wuyì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ojú, kí ó ṣọ́ra. Ojú oníke tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ọmọ tó ń fi eyín fa nǹkan lè fà á yọ kí ó sì há a lọ́fun. Bọ́tìnnì kò sàn jù ú lọ. Òwú dúdú àti abẹ́rẹ́ ni kí a fi gán ojú sí i, kí a sì rán apá àti etí rẹ̀ mọ́ ara gírígírí.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé béárì ni ọ̀pọ̀ ń hun, ẹranko tí ọmọ Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kò bá pàdé nínú àlọ́ kankan. Ìjàpá ńkọ́? Ó tilẹ̀ rọrùn ju béárì lọ: ìdajì róbótó fún ẹ̀yìn, pẹlẹbẹ kan fún abẹ́, orí kékeré, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù tí kò tó nǹkan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ ní ojú ewé àwọn obìnrin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún àlàyé bí a ṣe ń hun ẹranko kan, tí a ó kọ lédè Yorùbá láti òkè délẹ̀ pẹ̀lú iye ojú tó wà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìkékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú wọn, àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ ju ìkékúrú lọ. N kò béèrè owó. Bí ẹ bá gbà, n ó fi àlàyé ti ìjàpá ránṣẹ́, kí ẹ fún ẹnìkan tó gbọ́ kóróṣé kí ó hun ún wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìlọrin.