Àgbàdo tí ọmọ mi hú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọdún Àjíǹde, ẹ sì kú òjò tuntun.

Lẹ́yìn ìsìn Ẹtì Rere, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní: “Páṣítọ̀, bàbá àwọn ọmọ mi, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi wọ sàréè. Ṣé ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n máa fi jí?” N kò rí èsì kankan fọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Mo rí i lójú wọn pé èyí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Àwọn ará Kọ́ríńtì ti béèrè irú rẹ̀ rí: ara wo ni òkú yóò fi dìde? Pọ́ọ̀lù ní, “Ìwọ aláìmòye.” (Èmi ò jẹ́ pe ìyá wa bẹ́ẹ̀ o.) Ó wá nawọ́ sí irúgbìn.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi kékeré lọ hú àgbàdo tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ti jí. Kí n tó pariwo, ó ti nà án sí mi. Èèpo rẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn bí omi ògì tó kan, inú rẹ̀ ti domi. Àmọ́ gbòǹgbò ti yọ nísàlẹ̀, èéhù funfun kan ti yọ ṣóńṣó lókè. Èyí tó ń jẹrà àti èyí tó ń hù, ọ̀kan náà ni. Síbẹ̀, ta ló lè wo hóró àgbàdo kó fi mọ bí ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò ti rí?

A máa ń sọ nídìí òkú pé ara kò já mọ́ nǹkan, ẹ̀mí nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn àpọ́sítélì. Babátúndé tí a ń sọ ọmọ náà ńkọ́? Ẹ máa sọ ọ́, orúkọ ìtùnú ni. Bàbá ṣì ń retí ìpè ìkẹyìn.

Àwa ará Kétu tún lè ṣi ọ̀rọ̀ àjíǹde gbọ́. Dàhòmì run ìlú yìí ní 1886. Ní 1894 àwọn èèyàn wa padà wá tẹ̀ ẹ́ dó. Àtúnkọ́ nìyẹn. Ilé tí a tún kọ́ lè tún wó, Lásárù tí Jésù jí dìde náà sì tún padà kú. Jésù kò ní kú mọ́. Ó jẹ ẹja sísun lójú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn tó jíǹde, wọ́n sì rí àpá ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, àpá lásán, kò sí ìṣó níbẹ̀ mọ́.

Lánàá mo lọ kí ìyá. Mo ka Kọ́ríńtì Kìíní 15:43 fún wọn: “A gbìn ín ní àìlera, a sì jí i dìde ní agbára.” Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé n óò dá a mọ̀?” Mo ní Màríà Magidalénì pàápàá rò pé olùṣọ́gbà ni Jésù, àfi ìgbà tó pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. “Oríkì mi ni bàbá yẹn máa ń pè.”