Lẹ́tà sí ọmọ mi tó fẹ́ ra BMW ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ṣọ́ọ̀bù táyà,
Owódé,
Ọ̀yọ́.

Àjàní ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́ dé, fọ́tò ọkọ̀ náà sì bá a dé. Kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, ó ti fi han gbogbo àwọn tó wá lẹ táyà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ náà rẹwà, n kò ní parọ́. BMW 335i onílẹ̀kùn méjì, dúdú kíríkírí, ti ọdún 2008, mílíọ̀nù 5. O ní owó tí o ń rí nídìí iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù tí ò ń ṣe fún àwọn ará òkè òkun ti tó o rà, pé ìwúre mi nìkan ló kù. O kò tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí mo mọ bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń fi orúkọ owó ilé-ìwé gba owó ọkọ̀.

N kò ní kí o má ra ọkọ̀. Owó tó jẹ́ òógùn rẹ ni. Ohun tí mo rí tí ìwọ kò tíì rí ni pé mílíọ̀nù 5 yẹn, owó ìwọlé lásán ni. Ọkọ̀ yìí yóò máa jẹun, bí o bá gùn ún yóò jẹ, bí o bá gbé e sílẹ̀ yóò jẹ. Nítorí náà, kí o tó san owó fún ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kí o bọ́ ọkọ̀ náà fún sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko nígbà tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ. Bí o ṣe máa ṣe é, màá sọ fún ọ níwájú.

Jẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ ọwọ́ mi mú un. Mo fẹ fọ́tò rẹ kejì lójú, mo ka ohun tó wà lára táyà. Iwájú jẹ́ 225/40R18, ẹ̀yìn jẹ́ 255/35R18. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Ìkejì ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. Ìwọ lo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjinníà, ṣírò rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú jẹ́ mìlímítà 90, ìnṣì mẹ́ta àbọ̀. Corolla tí àwọn onítákísí ń gùn kiri, 195/65R15 ló máa ń wọ̀, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sì tó ìnṣì márùn-ún. Ìnṣì kan àbọ̀ tó wà láàárín wọn yẹn ni rọ́bà àti afẹ́fẹ́ tó ń bá ríìmù gba ìyà. Bí Corolla bá já sínú kòtò, onítọ̀hún á ṣépè, á máa lọ. Bí BMW bá já sínú kòtò kan náà, ríìmù ló máa fi gbà á.

Wọ́n ń gbé wọn wá síbí. Ẹ̀gbẹ́ táyà á ti wú síta tó ẹyin adìẹ, torí okùn inú rẹ̀ ti já. Ọlọ́kọ̀ á ní kí n lẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tí a fi ń lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti wú, ọmọ mi. Yíyọ la ń yọ ọ́ dànù, bí mo bá sì sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi agídí ta táyà. Èyí tí ríìmù rẹ̀ bá tẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún àwọn tó ń fi iná yan án, tí wọ́n ń fi òòlù lù ú padà. Òmíràn á gba bẹ́ẹ̀, òmíràn á sán, tí á máa tú afẹ́fẹ́ lóru títí táyà á fi balẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tún wo èyí. Nítorí pé táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, o kò lè gbé ti ẹ̀yìn wá síwájú kí wọ́n lè jọ gbó. Ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ náà lọ, nítorí náà ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ parí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí kò sì fi sípíà táyà sínú búùtù. Irú táyà tó lè rìn díẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi kó o jáde, wọ́n á kọ RSC sí i lára. Ó wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lò ó gbó níbí á fi táyà lásán rọ́pò rẹ̀. Mo wá RSC nínú fọ́tò rẹ títí, n kò rí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí táyà bá bẹ́ mọ́ ọ lábẹ́ ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò sí ti inú búùtù, ti abẹ́ ọkọ̀ kò sì ní lè rìn. O mọ ọ̀nà náà. O mọ bí àwọn tírélà ṣe ń ya ara wọn sílẹ̀ lórí títì tóóró yẹn, àti ọ̀nà onílà méjì tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń falẹ̀ láti ìgbà tí o ṣì kéré.

Kí n tó fi táyà sílẹ̀: wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dídán tàn ọ́. Ọṣẹ àti epo ló ń mú un dán.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, mo gbé fọ́tò náà lọ bá ọ̀rẹ́ mi tó ń tún ọkọ̀ Jámánì ṣe. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní ẹ́ńjìnnì náà dára, lítà 3, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 300, pé bí o bá tẹ̀ ẹ́, orí rẹ á lẹ̀ mọ́ àga. Lẹ́yìn náà ló wá ní páǹpù tó ń fi agbára ti epo sínú ẹ́ńjìnnì yẹn ló lórúkọ jù fún wàhálà. Lọ́dún 2010, BMW fúnra wọn pe àwọn ọkọ̀ tó ní irú ẹ́ńjìnnì náà padà ní Amẹ́ríkà nítorí páǹpù ọ̀hún. Bí ó bá ti ń kú lọ, o máa ta á jí títí kí ó tó dáhùn, tàbí kí agbára rẹ̀ ṣàdédé lọ sílẹ̀ lórí eré. Páǹpù omi rẹ̀ náà, iná ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó dákẹ́. Kò tún ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, inú dáṣíbọ́ọ̀dù lo ti máa wò ó. Ọ́ìlì tó ń gbà lé ní lítà mẹ́fà, olówó gọbọi sì ni. Sípíà rẹ̀ kò sí ní Tákìé l'Ógbómọ̀ṣọ́. Aráròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, ni o máa lọ, bí kò bá sí níbẹ̀, ó di Ládípọ̀ l'Ékòó. Ọjọ́ tí o bá lọ yẹn, o ti pa kíláàsì jẹ.

Nípa epo, má jẹ́ kí n pẹ́ níbẹ̀. Táńkì rẹ̀ gba bíi lítà 60. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦900, ₦54,000 ni àkúnwọ́sílẹ̀ kan. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, owó lítà kan kò tó ìdajì ìyẹn, o rántí. Kò sí ẹni tó mọ iye tí yóò jẹ́ nígbà tí o bá dé ọdún karùn-ún. Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé epo tí wọ́n ní kí a máa bu sí ọkọ̀ náà, tí wọ́n kọ sí ilé ọmọrí táńkì rẹ̀, ga ju èyí tí a ń rà ní ilé epo wa lọ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á mọ̀, á sì dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. O san owó ẹṣin 300, gbogbo wọn kò ní jáde.

Ìwé ọkọ̀ wá kù. Ìnṣọ́ránsì tó kéré jù jẹ́ ₦15,000 lọ́dún láti 2023, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń bèèrè rẹ̀ gan-an láti oṣù kejì ọdún 2025. Ṣùgbọ́n tẹlòmíràn nìkan ni ìyẹn máa tún ṣe. Bí olè bá gbé tìrẹ, tàbí tí o fi gbá igi, kò kàn wọ́n. Èyí tó máa bo tìrẹ mọ́lẹ̀, wọn kì í gba ohun tó dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Ìyẹn ₦250,000 lọ́dọọdún lórí mílíọ̀nù 5. Gíláàsì dúdú tí mo rí nínú fọ́tò náà nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá pẹ̀lú.

Mo dárúkọ ọlọ́pàá, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọmọkùnrin tó ń gun BMW onílẹ̀kùn méjì ní Under G, àdúgbò ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, o mọ orúkọ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún un. Mo mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo ti rí ọ nídìí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́ta òru. Ẹni tó dá ọ dúró kò rí ọ. Àwọn kan á tú fóònù rẹ, àwọn kan á ní kí o wá sí àgọ́. Kò tọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ kí o fi í sínú ìṣirò rẹ, torí àkókò náà owó ni. Bóyá o ra ọkọ̀, bóyá o kò rà á, máa tọ́jú ìwé àdéhùn àti ẹ̀rí owó tí àwọn oníbàárà rẹ ń san síbi tí ọwọ́ rẹ ti lè tètè tó o. Ti àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ní kí o yá àwọn lọ síbi ìgbéyàwó, n kò ní sọ. Ìwọ àti wọn ni.

Ní ọdún kẹrin, ẹ máa lọ ṣe IT, ìkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, fún oṣù mẹ́fà. Bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí Èkó tàbí Port Harcourt, ta ni yóò máa ta ọkọ̀ náà jí? Bátìrì á kú, táyà tó dúró sójú kan á tẹ́ níbi tó fi kan ilẹ̀. O sì rántí ọdún 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Àwọn oníbàárà rẹ náà, wọ́n lè dákẹ́ fún oṣù méjì láìjẹ́ pé o ṣẹ̀ wọ́n. O ti sọ fún ìyá rẹ rí pé oṣù kan wọlé, oṣù kan kò wọlé. Ọkọ̀ kò mọ èyí tí kò wọlé.

Bí o ṣe máa bọ́ ọ nìyí. Epo ìgbà méjì lóṣù, ₦108,000. Ìnṣọ́ránsì tó péye, bí a bá pín in sí oṣù, ó lé díẹ̀ ní ₦20,000. Ọ́ìlì, táyà àti ohun tó máa ṣàdédé bàjẹ́, fi ₦70,000 sí i, èmi tiẹ̀ rò pé ó kéré. Sọ gbogbo rẹ̀ di ₦200,000. Ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí o tó ra dátà, kí o tó jẹun, fi ₦200,000 síbẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ wà níta tó ń dúró dè ọ́. Oṣù tí owó kò wọlé náà, kí o rí i mú wá láti ibòmíràn, torí bí yóò ṣe rí gan-an nìyẹn. Má fọwọ́ kan mílíọ̀nù 5. Bí sáà bá parí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tí ₦800,000 pé síbẹ̀, tí màákì rẹ kò sì já wálẹ̀, pè mí, a jọ máa lọ ra ọkọ̀ ni. Bí o bá yọ nínú rẹ̀, o kò nílò kí n sọ nǹkan kan.

Tí o bá bi mí pé kí ni èmi máa rà, Corolla ni. Mo mọ̀ pé o máa ní ọkọ̀ bàbá onílé ni. Bàbá onílé náà ń sùn dáadáa.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ kò ní kúrò lára dúdú yẹn. Ẹni tó ń tà á sọ fún ọ pé àwọn méjì míràn ti ń dù ú, pé kí o yára. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn. Wíwò kò náni lówó, nítorí náà èmi àti ọ̀rẹ́ mi yóò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì. Ṣáájú ìgbà náà, ya fọ́tò ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà ṣáṣíìsì ránṣẹ́ sí mi, ti abẹ́ gíláàsì iwájú àti ti ẹnu ilẹ̀kùn. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ka ohun tó wà ní ipò kẹwàá nínú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹn: bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ 2008 lóòótọ́, 8 ni yóò wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 7, ó ti parọ́ ọdún kan fún ọ, yóò sì ti parọ́ nǹkan míràn. Bí ó bá ní àfi kí o san àsansílẹ̀ kí a tó lè gbé ìbòrí ẹ́ńjìnnì sókè, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kí ó tà á fún àwọn méjì yẹn.

Ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.