Má tíì ta fèrè yẹn

Àkànbí ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní o fẹ́ ta sàsofóònù rẹ, torí pé fèrè han mọ́ ọ lẹ́nu lóde Sátidé, táwọn èèyàn sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ jọ̀ọ́, má tíì tà á.

O mọ Sonny Rollins, onísàsofóònù ará Amẹ́ríkà, ẹni tí mo máa ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jí yín. New York ni wọ́n bí i sí ní 1930. Òun ló ṣe orin tó ń jẹ́ “Airegin” ní 1954. Kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, orúkọ ilẹ̀ wa ni! Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ̀.

Nígbà tó fi di 1959, òkìkí rẹ̀ ti kàn láàárín àwọn onísàsofóònù jáàsì. Kò tíì pé ẹni 30 ọdún. Aráyé ń yìn ín, àmọ́ òun mọ ibi tó kù sí. Ló bá dáwọ́ òde dúró. Aládùúgbò rẹ̀ kan lóyún, kò fẹ́ kí ariwo òun máa dà á láàmú, ló bá gbé fèrè lọ sórí afárá Williamsburg ní New York. Rò ó wò, ọmọ mi: rélùwéè ń dún gbàgàgbàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń fọn nísàlẹ̀, òun náà ń fọn tirẹ̀, nínú òtútù. Ó máa ń tó wákàtí 15 lójúmọ́ nígbà mìíràn. 1961 ló tó padà sórí ìtàgé. Àwo tó gbé jáde ní 1962, “The Bridge” ló sọ ọ́: afárá yẹn náà ni.

Ohun mìíràn wà tí n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Oògùn olóró tó ń jẹ́ hẹroíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́ ṣáájú. Ó ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1955 ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kan ní Kentucky, ó sì bọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá na nǹkan báyẹn sí ọ lẹ́yìn ìtàgé, ìbáà ṣe ọ̀gá rẹ, dìde kúrò níbẹ̀.

Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi máa ń ṣófo láti aago méje alẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo ra réèdì ẹnu fèrè páálí kan, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Fi ohùn gígùn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, kó o mú un títí èémí á fi tán, kó o tó kan orin kankan. Bí ètè rẹ bá bó, fi òrí pa á, kó o sinmi di ọjọ́ kejì.

Èmi ni, bàbá rẹ.