Olóòtú, ta ló yẹ kó dúró níwájú tí a bá fẹ́ gun òkè?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà Abuja yìí. Mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ojú ewé eré ìdárayá ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ṣáá ni, kò sẹ́ni tó ń rántí àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè tàbí àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré nínú igbó, ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ tèmi ránṣẹ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà ọyẹ́.

Kubwa ni mò ń gbé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì lọ sí réèsì kẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn Ushafa, apá ibi tí òkúta pọ̀ sí, kò jìnnà sí Usuma Dam. A fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó tò wá o. Ọkùnrin tó mú maikirofóònù lọ́wọ́ kàn ń pariwo pé kí àwọn àlejò pàtàkì bọ́ síwájú, ni Ọ̀gá kan tó wọ jẹ́sì tuntun, tí ìlà tí wọ́n fi ká a nínú ọ̀rá ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀, bá ti kẹ̀kẹ́ olówó ńlá rẹ̀ bọ́ síwájú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bíi mẹ́fà náà tẹ̀lé e. Arábìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá láti Jos, gbogbo wa la mọ̀ pé orí Shere Hills ló fi ń ṣe ilé, wọ́n ní kí àwọn obìnrin ṣì dúró sẹ́yìn ná. Ó wò wọ́n. Kò fèsì.

Wọ́n fọn fèrè. Ọ̀nà fẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó wá di ọ̀nà tóóró tí àwọn ará abúlé fi ń lọ oko, òkúta lápá kan, ẹ̀gún lápá kejì. Ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni Ọ̀gá dúró sí. Ó fẹ́ pààrọ̀ jíà, ṣéènì yọ, ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn tó tẹ̀lé e náà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn náà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wa fi tò gbọọrọ bí ìgbà tí mọ́tò ń dúró de epo. Ibẹ̀ la wà tí ìyá Gbagyi kan fi gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá tòun ti igi ìdáná lórí èjìká (èjìká làwọn fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lérí), ó ní "Sannunku", ó rẹ́rìn-ín, ó gun òkè náà lọ. Ká sòótọ́, òun ló gba ipò kìíní nínú réèsì wa fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Arábìnrin Jos yẹn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ́rùn, ó gba àárín òkúta, nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa parí, ọkùnrin mẹ́rin péré ló ṣáájú rẹ̀. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ wò, ká ní iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Mi ò bínú sí Ọ̀gá o. Bí a ṣe ń ṣe níbi ìnáwó náà nìyẹn, olówó àti olóyè ní high table, àwa yòókù lábẹ́ kánópì lẹ́yìn, kò sì burú, torí kò sẹ́ni tó ń fi ìrẹsì sáré. Ṣùgbọ́n òkè ò mọ olóyè.

Níbi tí eré yìí ti gbilẹ̀, wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní seeding. Kì í ṣe ti irúgbìn o, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ bi mí bóyá àgbàdo la fẹ́ gbìn. Gbogbo ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n á wo bí o ṣe ṣe nínú àwọn réèsì tó o ti sá sẹ́yìn, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ọ̀wọ́ tó o máa bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀wọ́ kìíní á lọ, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀wọ́ kejì á tẹ̀lé e. Ní South Africa kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Cape Epic, réèsì kẹ̀kẹ́ orí òkè wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí wọ́n ń gùn ní méjì méjì fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ kúkúrú ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá fi parí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pín yín sí ọ̀wọ́ fún ọjọ́ kejì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò nọ́ńbà yẹn ló wù mí jù, torí ó fi ọgbọ́n díẹ̀ kún un. Wọn kì í wo ipò tó o gbà, torí ipò kẹwàá láàárín èèyàn ogún, kì í ṣe ẹgbẹ́ ipò kẹwàá láàárín ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Wọn kì í wo wákàtí lásán náà, torí òkè ju òkè lọ. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ẹni tó gba ipò kìíní ṣe jìnnà sí ọ tó. Tó bá fi ìṣẹ́jú 120 parí, tí ìwọ fi 150 parí, o ti fi 30 pẹ́, ìyẹn jẹ́ ìdá 25 nínú 100. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹni tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ yẹn kì í bá ṣe akọni ńkọ́, tó jẹ́ pé àwọn akọni ò wá? Ìdá 25 rẹ yẹn ti di ẹ̀tàn nìyẹn. Wọ́n á wá wo àwọn tó wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà wọn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi wọ́n díwọ̀n bí réèsì náà ṣe le tó, wọ́n á tún tirẹ̀ ṣe. Èsì tó bá sì ti pẹ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù, kí ẹnì kan má baà máa fi ẹsẹ̀ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn yangàn lónìí.

Àwọn eléré ẹsẹ̀ náà ní tiwọn. ITRA, àjọ àgbáyé tiwọn, ń fún àwọn tó ń sáré lórí òkè ní nọ́ńbà tó lè gòkè dé 1000, irú àwọn Kilian Jornet tó ti gba UTMB nígbà mẹ́rin máa ń lé ní 900. UTMB yẹn, tó yí òkè Mont Blanc ká, lé ní kìlómítà 170, ìyẹn eré àwọn ẹni orí wọn ò pé tán, ká fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, seeding ṣe kókó fún ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ, torí ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré lè fi èjìká yà, kó ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n", kó kọjá, àmọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tèmi nìkan fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 76, ibo ni mo fẹ́ gbà?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ariwo lásán ni mò ń pa, pé Tom Pidcock ò sí ní ìlà iwájú nígbà tó gba wúrà kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn méjìdínlógójì tí wọ́n jọ gùn ún, kò sí Ọ̀gá tí ṣéènì rẹ̀ yọ nínú wọn! Ibẹ̀ náà, òfin ni wọ́n fi tò wọ́n. UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ń ka máàkì tí kálukú ti kó jọ, wọ́n á máa pè wọ́n lórúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sójú ìlà, mẹ́jọ mẹ́jọ. Nínú World Cup wọn, láti 2018, wọ́n tún máa ń gun réèsì kan tó kúrú, bí ogún ìṣẹ́jú, ṣáájú èyí tó gùn, ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ ló ń gba ìlà iwájú. Àwọn náà máa ń ṣìṣe o. Nínú ìdíje àgbáyé 2023 ní Scotland, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni wọ́n yí ètò ìlà padà, tí wọ́n fa àwọn ìlúmọ̀ọ́ká kan bíi Pidcock àti Mathieu van der Poel síwájú, ariwo ta láàárín àwọn eléré yòókù. Pidcock gba ipò kìíní lóòótọ́, ṣùgbọ́n van der Poel ṣubú ní ìyípo àkọ́kọ́, ó sì wọlé lọ. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òfin ti wà nílẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Wọ́n á ní a ò ní èsì tí a fẹ́ fi ṣírò ní Abuja. Irọ́ ni. Àwọn tó ń ṣètò réèsì ní ìwé èsì lọ́wọ́, ẹ gbé e síta ká rí i. Ẹni tí ò bá tíì sá réèsì rí, kó wá sí Katampe ní Sátidé tó ṣáájú, kó gun ibi tó ga yẹn lóun nìkan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láàárín ẹnì kan sí èkejì, aago fóònù ti tó, a ò nílò ẹ̀rọ òyìnbó kankan. Tí Ọ̀gá bá gùn ún dáadáa, èmi fúnra mi máa yà fún un. Obìnrin tó bá yára jù mí lọ, kó dúró níwájú mi, àbí kí ló burú níbẹ̀?

Wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù réèsì tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Mo kà á látòkè délẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n béèrè sáìsì T-shirt mi, wọn ò béèrè bí mo ṣe ń gùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé "tí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ míì", ibẹ̀ ni mo kọ èsì mi ti Ushafa sí, wákàtí méjì ààbọ̀, mo sì yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi dúró kúrò.

Èmi ni tiyín,
Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kan ní Kubwa, Abuja.