Ìwé ìwọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkun kò yẹ ní jíjù nù

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkun àti àwọn ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ dípò kó kàn máa ka ìwé, èmi náà sì fara mọ́ ọn, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè ni ibi tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti fún un ní máàkì.

Wọ́n fún àwa mẹ́rin ní àwo funfun pẹlẹbẹ kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n ní kí a so ó mọ́ okùn, kí a rọra máa sọ̀ ọ́ sínú omi níbi tí òjìji ọkọ̀ ṣíji bò, kí a kọ ibi tó ti pòórá mọ́ wa lójú sílẹ̀, kí a tún fà á sókè títí a ó fi rí i, kí a wá pín àpapọ̀ ìwọ̀n méjèèjì sí méjì. Ìyẹn ni a fi ń mọ bí omi ṣe mọ́ gaara tó. Iṣẹ́ ọmọdé la pè é, àfi ìgbà tí a padà dé èbúté tí a sì rí i pé okùn wa ti nà nígbà tó rin gbingbin, tí àmì mítà 5 tí a fi yíǹkì fà sí i lára nígbà tó gbẹ ti kọjá mítà 5 dáadáa. A fi odidi ọ̀sán mìíràn tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n.

A gba máàkì tó dára. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wà lẹ́yìn wa fẹ́ wọn omi níbi kan náà, mo lọ bá a wá ìwé wa. Wọ́n ní àwọn ti kó o dànù nígbà tí àwọn ń tún yàrá ṣe.

Bẹ́ẹ̀ àwo yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré. Angelo Secchi, àlùfáà Kátólíìkì tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ló dán an wò ní ọdún 1865 láti inú ọkọ̀ Póòpù lórí òkun Mẹditaréníà. Lónìí tí sátẹ́láìtì ń wo àwọ̀ òkun láti òkè, àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sídìí àkọsílẹ̀ àwo náà, nítorí kò sí sátẹ́láìtì ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí Alister Hardy, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun, ṣe, èyí tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ́ lẹ́yìn kí plankton, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tí omi ń gbé kiri, lè há sínú aṣọ sílíìkì rẹ̀: láti ọdún 1931 ni wọ́n ti ń lò ó, iyì rẹ̀ sì wà nínú pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ojú ibì kan ṣoṣo nínú omi, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún nínú oṣù kan náà, pẹ̀lú irú ohun èlò kan náà, kí wọ́n sì fi ìwé lé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Àwọn kan yóò ní ìwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé gbára lé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ ẹni tó wọ̀n ọ́n, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, àti àṣìṣe bí ti okùn wa sílẹ̀. Ìwọ̀n tí a mọ àbùkù rẹ̀ ṣeé tún ṣe, èyí tó ti sọnù kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi páìpù àti mọ́tò kan ẹ̀rọ tó ń rin abẹ́ omi, kó kàn án, ṣùgbọ́n kó rán an lọ síbẹ̀ náà.

Bí ẹ̀ka kan bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn tó máa wọlé ní ọdún mẹ́wàá òní yóò ní ìwọ̀n mẹ́wàá láti kà kí wọ́n tó sọ okùn tiwọn sínú omi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan